Òǹtẹ̀ Tí Bàbá Mi Ń Gé

Títí dòní, bí mo bá dé pọ́ọ̀sì, ilé ìfìwéránṣẹ́, tí òórùn tàdáwà òǹtẹ̀ bá kọlù mí nímú, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ààlà Nàìjíríà, ló máa ń padà wá bá mi.

Àwọn sójà ti gbàjọba nígbà náà, "kàmáràdì" ni wọ́n sì ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn. Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ pọ́ọ̀sì, ń ṣa òǹtẹ̀ gbogbo pọ́ọ̀sì agbègbè wa jọ, láti Àjàrá títí dé Kétu. Yóò gba lẹ́tà àtijọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò, yóò gé igun tí òǹtẹ̀ wà, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé ńlá kan. Ìyókù, iná ni. Ó ní àṣírí ẹni ẹlẹ́ni kì í sùn nílé òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, sójà mẹ́ta wọlé wa. Ọ̀gá wọn ṣí ìwé náà, igun lẹ́tà nìkan ló bá níbẹ̀.

"Kàmáràdì, lẹ́tà àwọn tó sá lọ Nàìjíríà dà?"

"N kò tọ́jú lẹ́tà ẹnikẹ́ni."

"Àbí eku ló jẹ ẹ́?" Ó yíjú sí èmi ọmọdé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. "Ìwọ, níbo ló kó wọn sí?"

Inú mi dùn pé mo mọ̀ ọ́n. "Ó máa ń sun wọ́n ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó pariwo pé ẹ̀rí ni Bàbá ń sun, ó fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Eyín méjì já sórí òǹtẹ̀ Kétu. Wọ́n tẹ ọwọ́ tó fi ń gé òǹtẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi bàtà gún un títí egungun fi dún bí igi ìdáná.

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ẹnu mi ló rán Bàbá lẹ́wọ̀n.

Bí wọ́n ti ń wọ́ ọ jáde, ó rí ẹkún mi. Ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Má sunkún, ọmọ mi. Òótọ́ lo sọ."