Sípíkà Inú Gáráwá Dòdò

Mo fi irun funfun orí mi búra, òótọ́ ni ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò bu iyọ̀ sí i rárá.

Mọ́nsúrù ará Àpòmù, tó ń fi gáráwá ṣe sípíkà, kò ka ẹnikẹ́ni sí. Ó ní ikọ́ ni sípíkà ọjà ń wú. Bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ gbé Amatullah níyàwó, bàbá ọmọ náà, Álúfà Hussein, sì ti sọ pé: "Bí sípíkà rẹ bá gbé wáàsí mi dópin, mo fún ọ lọ́mọ."

Ló bá gba gáráwá tí Raheemat, ìyá tó ń ta dòdò Ìkirè, fi ń kó ọjà rẹ̀. Raheemat ní kó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni yínmú: "Ìyá Dòdò, kí lẹ mọ̀? Epo ló ń mú ohùn dán!"

Lọ́jọ́ wáàsí, ohùn Álúfà dé ìlú Wásinmi. Àmọ́ oòrùn mú gáráwá gbóná, òórùn dòdò sì pe èèrà pupa jọ, ọ̀kẹ́ àìmọye. Wọ́n tọ wáyà dé ìdí Álúfà, wọ́n wọ inú ṣòkòtò bàbá náà lọ.

"Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo... yéè! Ìdí mi o!"

Gbogbo ìlú gbọ́ ọ, ó já gaara. Wáàsí parí síbẹ̀.

Amatullah wo Mọ́nsúrù tìkà-tẹ̀gbin. "Ohùn yín dán lóòótọ́. Ẹ máa fẹ́ èèrà lọ."

Raheemat ṣì wà láàyè ní gáréèjì Ìkirè, ẹ lọ bi í. Inú gáráwá yẹn náà ló ṣì ń kó dòdò sí. Òun fọ̀ ọ́.