Dísìkì Bíréèkì Bàbá Àgbà

Ìyìn yẹ ọkùnrin tó bá yọ ìdérí táyà ọkọ̀ rẹ̀ kúrò, kí gbogbo ìjọ lè rí bí dísìkì bíréèkì rẹ̀ ṣe ń dán. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni bàbá àgbà mi ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Èmi àti ìyá àgbà ti jókòó sínú ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, lójú òkè, ebi ń pa wá, ìjókòó gbígbóná ń rùn bí epo. Bàbá àgbà ń fi ọ̀pá tọ́ka sí táyà iwájú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dísìkì sí, fún àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bíréèkì dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ dà bí ìkòkò tí wọ́n dé. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Aramọkọ, ooru á há sínú rẹ̀, ẹ ó tẹ bíréèkì títí, kò ní mú. Dísìkì wà ní gbangba, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Bó wọ omi pàápàá, kíá ló ń gbẹ."

"Ṣé tẹ̀yìn náà ti di dísìkì, sà?"

"Tẹ̀yìn kẹ̀? Ta ló ń wo ẹ̀yìn?"

Dúrọ́ọ̀mù ló ṣì wà lẹ́yìn, òun sì ni bíréèkì ọwọ́ máa ń fà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tú u wò kẹ́yìn. Lórí òkè wa, gbogbo ọkọ̀ ló ń gbé òkúta tí wọ́n fi ń dí táyà. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà ni tiwa máa ń wà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá àgbà jù ú sí ẹ̀yìnkùlé: "Dísìkì ti dé, kí la tún ń gbé òkúta kiri fún?"

Mo gbọ́ tí irin kan dún kẹ́kẹ́. Igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú. Àwa la ń yí lọ sẹ́yìn.

"Bàbá wọn o!" ìyá àgbà pariwo. "Ulé ni mò ń lọ, mi ò tíì sọ pé ọ̀run!"

Bàbá àgbà sọ ọ̀pá nù, ó fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀ náà, tòun tagbádá funfun. Àwọn mẹ́rin náà bá a tì í, títí ẹnì kan fi gbé òkúta etí gọ́tà wá há mọ́ táyà.

Ìyá àgbà ò sọ̀kalẹ̀. Ó yọ orí síta. "Ẹ bá mi bi dísìkì, níbo ló wà nígbà tí mò ń lọ?"

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì tú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn. Ohun tó ń di táyà mú nínú rẹ̀ ti jẹ tán. Bàbá àgbà pààrọ̀ rẹ̀. Òkúta padà sẹ́sẹ̀ ìyá àgbà. Ìdérí táyà ò padà.

Èmi náà ti ní ìjàpá báyìí. Mi ò jẹ́ gun òkè Ẹ̀fọ̀n láìyẹ dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn wò, òkúta mi sì wà nínú ọkọ̀. Mo ti sọ tiwájú di dísìkì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni mo yọ ìdérí táyà, torí pé ọjọ́ kejì la máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.