Bí Mo Ṣe Lọ Wá Bíárì Àlòkù ní Èrúwà

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà tí mo fi kúrò ní Ayétẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ni ilé gàrí tí mo ń bá wọn mójú tó, ni wọ́n wá jí mi. Bíárì ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ti fọ́ lánàá. Irin róbótó tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀ ni. Bí kò bá sí, ẹ̀rọ dákẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tó kún ọkọ̀ kan ti wà nílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti bó o tán. Bí ilẹ̀ bá fi ṣú láìrin ín, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bíárì tuntun tí a rà lọ́jà kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ni mẹkáníìkì wa bá ní kí n lọ wá ti àtijọ́ ní Èrúwà, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti kú.

Ọ̀kadà gbé mi dé Igbó-Ọrà ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Eruku bò mí débi pé alákàrà bi mí bóyá ilé ni mo ń mọ bọ̀. Àkàrà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tí mo rà, kéékèèké mẹ́rin ni.

Nínú tákísí, àwa mẹ́rin la há sẹ́yìn. Dírẹ́bà mọ àwọn kòtò ọ̀nà náà bí ẹni mọ àna rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló ń yà fún wọn. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo ń bá lọ, ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n má dárúkọ ẹ̀rọ gàrí rárá, nítorí gàrí ti wọ́n, wọ́n á gbówó lé e. Ó ní kí n sọ pé ọkọ̀ ọkọ mi ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, adìẹ la máa ń fa ọkọ̀ tó bá kú lé lọ́wọ́, kí wọ́n máa yé sínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́gbà Bàbá Ògúndélé tó ń tú ọkọ̀ ní Èrúwà. Wọ́n ń fa ọ́ìlì dúdú sínú kẹ́ẹ̀gì fún àwọn tó ń fi í kun pákó nítorí ikán. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń ra irin ìdí ọkọ̀ láti fi rọ àdá àti ọkọ́. Mo rí onígbàjámọ̀ kan tó ń ru àga ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí tí kò bá níṣẹ́ mọ́ nìkan ló ń bá tírélà lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin.

Bàbá mú bíárì kan jáde, ó yí i, kò dún rárá. Ó bi mí ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ọkọ̀ ọkọ mi ni. Ló bá dá a padà síbi tó ti mú un.

“Mi ò lè tà á fún yín. Ó ti sáré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá já lójú ọ̀nà ńkọ́?”

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gẹ́ nílé. Mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa, ẹ̀rọ gàrí ni. Ojú tì mí gan-an. Bàbá wò mí títí, ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ó gbé irin bíárì náà síwájú mi pé kí n fọwọ́ kàn án kí n tó sọ ọ́. Mo sọ fún un pé Mùsùlùmí ni mí, n kì í fi Ògún búra. Ó ní kí n pe ẹni tí mo bá ń bẹ̀rù.

Mo fọwọ́ kan irin. “Ọlọ́run ló gbọ́, ẹ̀rọ gàrí ni.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbé e. Eré sísá ló ti sú u, iṣẹ́ ò tíì sú u.”

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló gbà lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ̀rún méjìlá la ra tuntun tó fọ́ yẹn.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí mo délé. Mẹkáníìkì de bíárì náà mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì mú ẹ̀gẹ́. Inú mi dùn débi pé mo jó díẹ̀. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi àti àwọn tó kù nílé, àti irọ́ mi, mo sì ní láti òní lọ, mi ò ní sọ pé nǹkan ti kú kí n tó bi í léèrè iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

 Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dun ìyá ọkọ mi la ti ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wa, kí wọ́n máa sinmi. Wọ́n dìde, wọ́n fa àpótí sídìí agbada gàrí tó ti wà lórí iná fún ẹ̀gẹ́ tí a ti rin ṣáájú, wọ́n sì na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé igbá ìyangàrí wá.

“Ẹ sún fún mi,” ni wọ́n wí. “Èmi náà, eré sísá ló sú mi.”