Aṣọ Tí Ìyá Àgbà Fi Bora

Nígbà tí mẹkáníìkì tan ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ mi ní Òkìtìpupa lánàá, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń rùn bí eruku fẹ́ sí mi lójú.

"Gáàsì ti jò tán, mà."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọkọ̀.

Irú afẹ́fẹ́ yẹn ló ń fẹ́ nínú ọkọ̀ bàbá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi, tí a lọ gbé ìyá rẹ̀ ní Òde-Ayé. Mo sì ti yangàn fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin pé inú ọkọ̀ wa tutù bí omi yìnyín. Bí a ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo sáré yí gbogbo gíláàsì sókè.

"Ṣé o fẹ́ se ìyá mi jẹ ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ kí olùkọ́ ìjọ.

Àwọn ọmọ akọrin náà yí wa ká. Wọ́n fi imú mọ́ gíláàsì.

"Ìyá, ṣé ó tutù lóòótọ́?"

Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín yan, tí ìyá àgbà gbé lé itan ń rùn bí èéfín, òógùn sì ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó wò mí. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo èjìká, ó sì ń gbọ̀n.

"Ẹ̀yin ọmọ, òtútù yìí fẹ́ pa mí o!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ nìkan ló tutù.

Lónìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀. Ìtìjú mi ni ó fi aṣọ rẹ̀ bò lọ́jọ́ náà, èmi kò sì ṣí gíláàsì fún un.