Oògùn Tó Wà Lára Ẹ̀pà

Títí di òní, àyà mi máa ń já bí mo bá rántí ọjọ́ Jímọ̀ tí èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì tí mo ń kọ́ di irúgbìn ọgbà ilé-ìwé wa ní Lọ́kọ́ja. Ilá àti tẹ̀tẹ̀ la kọ́kọ́ dì sínú àpò ìwé. Nígbà tó kan ẹ̀pà, mo bu oògùn kòkòrò lẹ́búlẹ́bú sí i. Mo sọ fún wọn pé, "Oògùn wà lára èyí o," mo sì rò pé ìyẹn ti tó.

Kò pẹ́ ni mo rí Ìbùkún, ọmọ ọdún méje, tí ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Kí lò ń jẹ?"

"Ẹ̀pà ni, Àǹtí. Inú ń run mí látàárọ̀, ẹ sì ní oògùn wà lára ẹ̀."

Mo fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo gbé e, mo sáré bọ́ sí títì. Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Àǹtí, ṣé oògùn náà ló ti ń ṣiṣẹ́ yẹn?"

Mo kígbe sí awakọ̀ pé kó túbọ̀ sáré lọ sílé ìwòsàn.

Ìrọ̀lẹ́ ni dókítà tó wá sọ fún wa pé kò ní kú. Ìyá rẹ̀ sún mọ́ mi, ó kí mi kú làálàá ní èdè ìlú wọn, ó ní, "Òkun o, Àǹtí." Ìkíni yẹn dùn mí ju èébú lọ.

A ṣì ń di irúgbìn, ṣùgbọ́n eérú ni mo fi ń pa ẹ̀pà mọ́ báyìí. Májèlé ni mo sì ń pe májèlé.