Báàgì Tó Máa Wọ Abẹ́ Àga

Káfíńtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Wọ̀n-ọ́n-Lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló fi fa orúkọ náà. Kò sẹ́ni tó bá a ṣiṣẹ́ rí tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé: "Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó o tó fi ayùn kàn án." Ọdún kọkàndínlógójì rèé lẹ́nu iṣẹ́, ilẹ̀kùn tó bá sì gbé kọ́, ìka kan lèèyàn fi ń tì í. Á fojú lásán wo igi, á sọ bó ṣe gùn tó, téèpù ò sì ní já a nírọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ká a lára nígbà tí báàgì kékeré kan da orí rẹ̀ rú lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fa ìrìn àjò náà. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, ó ti wá tó ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti fojú kanra. Ìlú tó ń gbé jìnnà. Ojú rẹ̀ ń ṣú, àwọn dókítà sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Ọmọ ìyá mi, mo fẹ́ kó o wà níbí kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú mi. Mi ò mọ bó ṣe máa rí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀."

Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ tán ló tó rántí pé òun ò wọ bàálù rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì mú ìdààmú wá.

"Bàbá, irú tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rà yìí, báàgì kan ṣoṣo ni wọ́n máa jẹ́ kẹ́ ẹ mú dání. Ó sì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ àga."

"Abẹ́ àga tèmi?"

"Rárá o, ti ẹni tó bá jókòó níwájú yín."

"Kí lẹni yẹn máa sọ bó bá rí ẹrù mi lábẹ́ ìdí ẹ̀?"

"Kò ní sọ nǹkan kan. Òun náà á ti ki tiẹ̀ sábẹ́ ẹni tó wà níwájú ẹ̀."

"Abẹ́ tèmi wá ńkọ́? Ta ló ni ín?"

"Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ló ni ín."

"Ìyẹn ni pé ilé ẹlòmíì ni màá gbé, ẹlòmíì á sì wá gbé ilé mi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á fi ìwọ̀n ránṣẹ́. Ìwọ̀n dé: ogójì, ọgbọ̀n, ogún sẹ̀ǹtímítà. Kò sọ èwo ni gígùn, èwo ni fífẹ̀, èwo ni gíga. Káfíńtà kọ ọ́ sára pákó kan. Tíṣà fẹ̀yìntì tó ń gbé ilé kejì, tó ti wọ bàálù lẹ́ẹ̀mẹta, wò ó, ó ní irọ́ ni, pé márùndínláàádọ́ta, mẹ́rìndínlógójì àti ogún ni. Káfíńtà bá pe nọ́ńbà tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó gbé fóònù ní ó kù sọ́wọ́ irú bàálù tó bá wọ̀, kó má sì gbàgbé láti ka táyà àti ọwọ́ báàgì mọ́ ọn.

"Màdáámù, irú bàálù wo ni mo máa wọ̀?"

"A lè pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, sà."

Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Wọn ò tíì mọ bàálù tí wọ́n máa gbé wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ pé báàgì mi ò ní wọ̀ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó kàn án pọ̀, ó di àpótí tó ṣí lójú kan, ogójì sí ọgbọ̀n sí ogún, èyí tó kéré jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ó gbé e há abíyá, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù oníbáàgì.

Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù wo àpótí, ó wo ẹni tó gbé e. "Bàbá, adìẹ lẹ fẹ́ kó síbẹ̀ ni?"

"Abẹ́ àga bàálù nìyí," ni káfíńtà fèsì. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ọ̀kan dúdú tó ń dán ni ìyá náà kọ́kọ́ gbé wá, ó ní táyà. Ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn sọ pé abẹ́ àga gan-an ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Wọ́n kì í bọ àpótí, táyà yọ síta níwọ̀n ìka méjì. Káfíńtà yí i po, ó dá a dùbúlẹ̀, ó dojú ẹ̀ dé.

"Ìwé sọ pé ó máa wọ̀ ọ́ o," ni ìyá náà ń sọ.

"Ìwé ò bá wa gbé àpótí wá."

Èkejì wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, àmọ́ òfìfo ni. Nígbà tí wọ́n ki bébà sínú ẹ̀ tó yọkùn, ó há sẹ́nu àpótí, àwọn méjèèjì ló sì pawọ́ pọ̀ fà á yọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí dórí ìkẹjọ. Nígbà tó yá, káfíńtà ò mọ èyí tó wọ̀ àtèyí tí kò wọ̀ mọ́. Ó gbé ọ̀kan tó ti dá padà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Èyí ńkọ́? A ò tíì gbìyànjú èyí."

Ìyá oníbáàgì fìdí lélẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ n sòótọ́ fún yín. Èyí tó bá le ò ní gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu. Èyí tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ mú." Ó fa báàgì aláṣọ kan yọ, aláwọ̀ eérú, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ó kún dẹ́nu, síbẹ̀ ó wọlé. Ibi tó bá ti há, á tẹ̀.

Ìyẹn gan-an ló wá dojú ọ̀rọ̀ rú mọ́ káfíńtà lọ́wọ́. Báwo ni nǹkan ṣe máa jẹ́ ogún báyìí, kó tún di mẹ́rìndínlógún bí wọ́n bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́? Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, iye méjì ló rí. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún rí òmíràn. Ó ká téèpù rẹ̀ sápò, ó sì ra báàgì náà bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá tà á fún.

Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́ nígbà tó rí i. "Bàbá àwọn ọmọ, kíláàsì wo lẹ wà?"

"Jọ̀ọ́, bá mi di ẹrù."

Wàhálà míì tún kù níbi ẹrù dídì. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pè é ló ti ń fi igi pupa kan ṣe àga kékeré tí ẹ̀gbọ́n náà á máa gbé ẹsẹ̀ lé, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú. Àga ò wọ báàgì. Ìyàwó rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbẹ́ ihò tuntun kí wọ́n lè máa wọ̀ kí wọ́n sì máa yọ láìsí ìṣó, ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sísàlẹ̀ báàgì. Àga wọlé, ni aṣọ ò bá wọlé mọ́.

"Ẹ wọ aṣọ yín," ni ìyàwó rẹ̀ sọ.

"Ṣé ìhòòhò ni mo wà ni?"

"Ẹ wọ gbogbo ẹ̀."

Bí káfíńtà ṣe dé pápákọ̀ òfurufú láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lé ara wọn, òógùn ń já bọ́ lágbọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin tó ń yẹ ara wò ní kó bọ́ tòkè. Ó bọ́ ọ. Ó ní kó bọ́ èyí náà. Ó bọ́ ọ. Nígbà tó kan ìkẹta, ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an dà?"

Lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ bàálù, férémù irin kan wà tí wọ́n fi ń wọn báàgì. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ gbé báàgì tó tó àpò sìmẹ́ǹtì kọjá, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ó wá kan káfíńtà. Òṣìṣẹ́ tó dúró ti férémù náà ò tilẹ̀ wo báàgì tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ máa lọ, Bàbá."

"Ẹ ò ní wọ̀n ọ́n ni?"

"Kò pọn dandan, sà."

Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ èyí tó ṣáájú. Ó bọ́ báàgì lẹ́yìn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kì í bọ férémù. Àyè ìka mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. "Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i, sà. Àwọn èèyàn ń dúró lẹ́yìn yín."

Nínú bàálù, ó ti báàgì sábẹ́ àga iwájú, ni kò bá ríbi gbé ẹsẹ̀ sí. Òṣìṣẹ́bìnrin kan wá bá a. "Bàbá, àyè pọ̀ lókè, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e síbẹ̀."

Káfíńtà wò ó títí. "Wọ́n ní abẹ́ àga."

"Ibi tó bá wù yín ni, sà."

Ó kọ̀. Ìyà abẹ́ àga yẹn ti pọ̀ jù lára rẹ̀, ibẹ̀ ni báàgì máa wà. Ó ká orúnkún sókè títí bàálù fi balẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó dé ló ki ẹsẹ̀ àga kékeré náà padà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹta tó débẹ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, òun ló di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú wọ ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ìyá náà ṣẹ́jú ṣẹ́jú, ó wo ògiri, ó wo nọ́ọ̀sì, ó wá tẹjú mọ́ àbúrò rẹ̀.

"Ta ló da ewú sí ọ lórí báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ ló ń lọ."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi lórí fóònù?"

Káfíńtà fa àga kan sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa wò ó.