Ọ̀pá Jíà Àzízì

Bí wọ́n bá sọ fún ọ ní ìlú Kambolé pé olórí kunkun ni Àzízì, má bá wọn jiyàn. Olórí kunkun ni lóòótọ́. Ìyá tó bí i gan-an sọ bẹ́ẹ̀ kó tó jáde láyé. Ṣùgbọ́n kí ìwọ náà tó bá wọn rẹ́rìn-ín, jókòó kí o gbọ́ ohun tí orí kunkun náà ṣe fún un.

Àgbẹ̀ ni. Iṣu àti àgbàdo ló ń gbìn, bíi ti bàbá rẹ̀, lórí ilẹ̀ kan lọ́nà Goubi tó jìnnà sílé débi pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín, oòrùn á ti mú ganrín-ganrín kó tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ra alùpùpù nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tíṣà kan tó ń fẹ̀yìn tì ní Tchamba ló ti rà á, ó sì ti gbó kó tó kàn án. Ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù ayé àtijọ́ ni, èyí tí wọn kì í fi ọwọ́ tẹ ohunkóhun kí wọ́n tó pààrọ̀ jíà. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, jíà á sì ti wọlé. Fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ òsì yìí sọ́kàn o, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ òsì náà lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ti Àzízì àti alùpùpù rẹ̀ sí kòtò lọ́nà Koussountou, egbò náà rà, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún ní ilé ìwòsàn kan ní Sokodé. Gbogbo ìgbà òjò ló fi wà lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan ní Kouloundè, àdúgbò kan ní Sokodé níbẹ̀, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ igi rìn, bí ọmọdé tó ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Nígbà tó fi máa padà sílé, adìyẹ ti ń yé ẹyin sórí ìjókòó alùpùpù rẹ̀ lẹ́yìn àká àgbàdo.

Gbogbo ayé ló sì di olùdámọ̀ràn lójijì. Wọ́n ní kó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n ní nǹkan burúkú wà lára rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló mu.

Àzízì dá wọn lóhùn pé, "Màṣíìnì kọ́ ló gé ẹsẹ̀ mi. Dókítà ló gé e, ẹ ò sì ní kí n lọ ta dókítà."

Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà mọ ni, ẹ̀rín là bá rín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí ni ilẹ̀ ọ̀nà Goubi yẹn. Nínú ẹbí wọn, a kì í ta ilẹ̀, a kì í sì í di ilẹ̀ mú lásán. Ẹni tó bá ń kọ ebè síbẹ̀ lọ́dọọdún ló ni ín. Bí ó bá pa á tì, olórí ẹbí á fún ẹlòmíràn. Ilẹ̀ Àzízì sì ti wà láìro láti ìgbà tó ti ṣubú.

Ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́ ni Ṣítù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyàálé. Ènìyàn burúkú kọ́ ni Ṣítù. Ó bí ọmọkùnrin púpọ̀, ilẹ̀ tirẹ̀ ò sì tó wọn. Ó jókòó níwájú Bàbá Kàsúmù, àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ olórí ẹbí, ó ní:

"Bàbá, ilẹ̀ kì í mọ orúkọ èèyàn, ẹsẹ̀ ló mọ̀. Ẹsẹ̀ Àzízì ò sì lè dé oko mọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa ro ó."

Tàíbátù, ìyàwó Àzízì tó bí Sárà fún un, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀ rárá.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Bí ẹ bá ń jẹ́ kí obìnrin kọ ebè nílé yìí, èmi ì bá ti kọ ọ́ tán."

"Kò sẹ́ni tó bá ọ jà, Tàíbátù," ni Bàbá Kàsúmù wí. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí. "Ẹ gbọ́. Ọjọ́ tí a bá máa kọ ebè àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, èmi fúnra mi á wà lóko yẹn. Bí Àzízì bá gbé ara rẹ̀ débẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè, oko rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n gbé e wá bí ẹrù, Ṣítù ni kó gba ọkọ́. Ẹni tí kò lè gbé ara rẹ̀ dé oko, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́jú rẹ̀?"

Inú bí Àzízì gidigidi. Ṣùgbọ́n àgbà ló sọ̀rọ̀. Ó tẹ orí ba, ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá. Màá dé."

Lọ́jọ́ kejì, ó lé adìyẹ kúrò lórí alùpùpù, ó wọ́ ọ dé abẹ́ igi máńgòrò tó wà lójúlé, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti máa rí i. Ó fi kẹrosíìnì rin àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n mu ún dáadáa, ó sì ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé báàfù tí Tàíbátù fi ń fọ aṣọ, ó da epo pẹtiróòlù sí i, ó sì kó ìfun alùpùpù sínú rẹ̀. Ìyẹn dá ìjà sílẹ̀. Aṣọ àdúrà Tàíbátù ń rùn bí ilé epo títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ó sì rí i dájú pé gbogbo àdúgbò gbọ́ ẹni tó fà á.

Síbẹ̀, òun náà ló lọ sí Sokodé. Òrùka písítìn inú ẹ́ńjìnnì ti kán, kò sì sí irú rẹ̀ ní Kambolé. Tàíbátù di èyí tó kán mọ́ etí ìró rẹ̀, ó rin ìsọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù títí tó fi rí ẹnì kan tó ní irú rẹ̀. Ọkùnrin náà bi í pé ta ni mẹkaníìkì tó fẹ́ lò ó.

"Ọkọ mi ni."

"Ẹlẹ́sẹ̀ kan tó wà ní Kouloundè níjọ́sí?"

"Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń ṣe é," ni Tàíbátù dá a lóhùn, ó sì gba òrùka rẹ̀.

Àzízì fi páálí ṣúgà gé ohun tó máa dí àárín irin méjì kí epo má baà jò. Ó fi rọ́bà inú táyà àtijọ́ lẹ ìjókòó tí adìyẹ ti ha ya. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ta á, tó sì dún, èéfín dúdú bo gbogbo ojúlé, àwọn ewúrẹ́ sì fọ́n ká. Ó dún bí àgbàlagbà tó ń húkọ́, ṣùgbọ́n ó dún. Àzízì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gé e lẹ́sẹ̀.

Ó wá ku jíà. Ta ni yóò máa tẹ̀ ẹ́? Wọ́n gbé alùpùpù náà sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Tchamba, sọ́dọ̀ Ọlámikúnlé, ọmọ ìjọ Kátólíìkì kan tó ń jó irin pọ̀ níbẹ̀. Ọlámikúnlé jó ọ̀pá irin kan mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ jíà, ó gùn dé ìbàdí ẹni tó bá jókòó, kí ọwọ́ òsì lè máa tì í, kó sì máa fà á. Iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n Àzízì wò ó, ojú tì í.

"Gé e kúrú. Mi ò fẹ́ kó hàn. Kí jàlàbíà mi lè bò ó."

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá kúrú, ẹ máa ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ yín tó bà á. Fìtẹ́ẹ̀sì, jíà yìí, kì í ṣe ohun tá à ń wá nílẹ̀."

"Mo ní kó o gé e."

Ọlámikúnlé gé e. Ṣùgbọ́n ó gbé èyí tó gé pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ìsọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Àzízì mú láti gùn ún níta, lẹ́yìn ìrun, nígbà tí gbogbo ọkùnrin ń jáde ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ ò rí i pé ìgbéraga wà níbẹ̀? Ó wọ jàlàbíà funfun, ó jókòó bí ìjòyè, ó tẹ epo. Jíà àkọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó fẹ́ fi sí ìkejì, ó bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè bá ọ̀pá kúkúrú náà, táyà iwájú yí nínú yanrìn, ó sì gbé e lulẹ̀ gbì. Ẹsẹ̀ igi rẹ̀ já, ó yí gbirigbiri, ó sì dúró níwájú Ṣítù.

Ṣítù bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, ó gbé e wá fún un. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Àzízì, ó tó gẹ́ẹ́. Ṣé títí tí gbogbo ara á fi lọ ni?" Àánú ló wà ní ohùn rẹ̀. Àánú náà sì ni ó dun Àzízì ju ìṣubú lọ. Nígbà tí àwọn ọkùnrin fẹ́ gbé e dìde, ó jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan òun. Òun fúnra rẹ̀ ló so ẹsẹ̀ rẹ̀, tó fi alùpùpù ṣe ọ̀pá, tó sì ń tì í lọ sílé. Ẹkún ni ó ń sun bó ṣe ń lọ, kò sì nu ún.

Tàíbátù ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́.

"Bàbá Sárà, ta lẹ̀ ń fi irin yẹn pamọ́ fún? Ta ni kò mọ̀ ní Kambolé yìí pé ẹ ò ní ẹsẹ̀ òsì? Ewúrẹ́ pàápàá mọ̀."

Àzízì wò ó. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu, òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí, òun nìkan ló rò pé wọn ò rí i.

Ó padà sí Tchamba. Ọlámikúnlé ò sọ pé ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn lọ gbé irin láti kọ̀rọ̀ ni, ó sì jó o padà. Àzízì ní kó tún fi díẹ̀ lé e. Ó ti ẹrúkọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti kán bọ orí irin náà kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú, ó sì so aṣọ pupa mọ́ ọn. Bí ó bá ń bọ̀ lókèèrè, aṣọ pupa náà lo máa kọ́kọ́ rí. Ojoojúmọ́ ló ń gùn ún lójú ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, ó ń ti ọ̀pá, ó ń fà á, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n láìwò ó.

Ọjọ́ ebè pé. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó di ọkọ́ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó sì gbéra ṣáájú gbogbo wọn. Ọyẹ́ ń bù ú jẹ, inú rẹ̀ sì dùn. Ó kọjá kòríkò àti káṣú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè tó ṣáájú oko, ibẹ̀ ni alùpùpù ti húkọ́, tó húkọ́, tó sì dákẹ́.

Àfi bí ẹni pé Ṣítù ń ṣọ́ ọ. Kò pẹ́ tó fi gun alùpùpù tuntun rẹ̀ dé, Bàbá Kàsúmù lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ́ ní èjìká bàbá. Ṣítù dúró.

"Gòkè sẹ́yìn wa, àyè ṣì wà. Oko ò jìnnà mọ́. Ta ni yóò mọ̀?"

Bàbá Kàsúmù ń wo igbó, bí ẹni tí kò gbọ́. Oko ò jìnnà mọ́ lóòótọ́, ẹsẹ̀ igi sì ti ha Àzízì lára. Ó wo àyè tó ṣẹ́kù lórí ìjókòó náà.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa lọ."

Wọ́n lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ó tú púlọ́ọ̀gì, ó sì jó o lọ́wọ́. Ó dúdú, ó ti mu epo yó. Ó nù ún mọ́ ara ẹ̀wù rẹ̀, ó fi pépà oníyanrìn tó máa ń wà nínú fìlà rẹ̀ ha á títí ojú rẹ̀ fi ń dán, ó dá a padà. Ó fi ẹsẹ̀ igi ti ara rẹ̀ mọ́ kùkùté kan, ó ta á. Kò dún. Ó ta á, kò dún. Ó bú u, ó bú ìran àwọn tó rọ ọ́, ó sì tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ síwájú, ó fẹnu sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀: "Bí o bá fẹ́ kú, dúró kí a dé oko mi, kí o kú síbẹ̀." Ó tún ta á.

Lóko, oòrùn ti yọ. Ṣítù àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti dúró sórí ilẹ̀. Ṣítù tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé ọkọ́ sókè. Bàbá Kàsúmù na ọwọ́.

"Dúró. Ẹ fetí sílẹ̀."

Ohun kan ń húkọ́ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Kò sí alùpùpù méjì tó ń dún bẹ́ẹ̀ láti Kambolé dé Goubi. Aṣọ pupa ni wọ́n kọ́kọ́ rí lórí kòríkò, lẹ́yìn náà fìlà, lẹ́yìn náà Àzízì fúnra rẹ̀, tí eruku bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Ó pa iná alùpùpù, ó tú ọkọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dé," ni gbogbo ohun tí Bàbá Kàsúmù sọ.

Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́ dé àárín oko. Ó fi orúnkún kúnlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ igi sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa erùpẹ̀ jọ. Ilẹ̀ le. Òógùn bọ́ lójú rẹ̀ nínú ọyẹ́ yẹn. Ebè náà wọ́, ìhà kan ga ju ìkejì lọ, ọmọdé á kọ èyí tó dára jù ú. Ṣùgbọ́n ó ń ga. Ṣítù wò ó títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó wá, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé etí ebè náà, ó na ọwọ́ sí ọkọ́.

"Gbé e wá, kí n bá ọ parí rẹ̀."

Àzízì ò dìde. Ó gbé ojú sókè láti ibi tó kúnlẹ̀ sí, ó sì fi gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí ebè mi."